Àna Mi Lórí Ìlà Ìrẹsì

Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo gba Jésù ní Òkè-Fíà, ní Òṣogbo. Kì í ṣe pé mo ń padà sẹ́yìn lẹ́yìn tí mo bá gbà á tán. Ohun tó fà á ni pé gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń gbé fọ́ọ̀mù tuntun wá, arábìnrin tuntun ni yóò sì mú un lọ́wọ́. Yóò béèrè orúkọ mi, yóò béèrè bóyá mo níyàwó, yóò wá bi mí bóyá mo ti gba Jésù. Ní Sátidé kìíní, mo ṣàlàyé fún un pé inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí ní Iléṣà, pé bàbá mi ló ń lu agogo ìjọ wa títí ó fi kú. Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Ó ní kí n di ojú mi. Ìrẹsì ń hó nísàlẹ̀, òórùn rẹ̀ ń gòkè wá bá wa. Mo di ojú mi. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti gbé fọ́ọ̀mù dé, mo máa ń dijú kíákíá kí ìlà lè máa lọ.

N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fún mi ní oúnjẹ, nọ́ọ̀sì wọn sì ń wẹ egbò ẹsẹ̀ mi láìgba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dá ènìyàn lágara. N kò ní dárúkọ ìjọ náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí mo ti rí ohun tí ẹnu lè ṣe fún ènìyàn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sọ Òṣogbo di olú ìlú ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Iléṣà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Nígbà tí iṣẹ́ kò lọ déédéé mọ́, wọ́n ní kí àwa kan lọ sinmi nílé ná. Àbúrò ìyàwó mi ló ní kí a lọ sí Ìtagunmódì lọ wa góòlù. Mo sọ fún un pé òjò ti pọ̀ jù, pé ilẹ̀ ti rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ń bẹ̀rù ilẹ̀, orí kí lẹ fẹ́ máa rìn?" Mo tẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi gbẹ́ kòtò náà. Gbogbo ohun tí a rí níbẹ̀ kò kún èékánná ọwọ́. Lọ́jọ́ kan, kí oòrùn tó kàn wá lórí, etí kòtò ya lulẹ̀. Òun ló wà nísàlẹ̀, èmi dúró lórí ibi tí a gbẹ́ bí àtẹ̀gùn sára ilẹ̀. Amọ̀ bò mí dé ọrùn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, n kò sì gbọ́ ọ mọ́. Àwọn tó wà ní kòtò kejì ló fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì wú mi jáde. Ṣọ́bìrì ọ̀kan nínú wọn ló gé mi lẹ́sẹ̀, ìyẹn ló di egbò. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ọ̀dọ̀ àbúrò wa, kò sí mọ́. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, n kì í yọjú wo inú kànga. Ẹlòmíràn ló ń bá mi fa omi.

Ní Iléṣà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ pé, "Ẹni méjì wọ kòtò, ẹnì kan jáde. Kí ló gbé jáde?" Wọn kò sọ ọ́ lójú mi. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ kì í fúnni ní góòlù lásán, pé mo ti mọ ẹni tí mo fi dípò rẹ̀. Ìyàwó mi lọ ṣọ̀fọ̀ àbúrò rẹ̀ nílé ìyá wọn, kò sì padà. N kò bá a wí. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni.

Mo lọ kí ìyá rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, kì í dìde títí màmá náà yóò fi ní kó dìde. Mo dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Aṣọ ló ń tà, aṣọ ló sì ń ká lọ́wọ́. Ó ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó mú òmíràn, ó ká ìyẹn náà, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè gún. Kò wò mí. Kò ní kí n dìde. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí aládùúgbò kan fi wọlé tó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ sílé." Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ká aṣọ títí mo fi lọ. Ìyàwó mi wà nínú yàrá, mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní í padà sọ́dọ̀ mi bí ìyá rẹ̀ kò bá pè mí ní àna mọ́, kò sì sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ láyé nígbà náà ju kí ó padà wálé lọ.

Ebi ń pa mí, ẹsẹ̀ ń jẹrà. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún mi nípa ìjọ tó wà ní Òkè-Fíà. Ó ní gbogbo Sátidé ni wọ́n ń se ìrẹsì fún àwọn aláìní, wọ́n ń fún wọn ní gàrí àti agolo mílíìkì lọ sílé, wọ́n sì ń tọ́jú egbò. Ìjọ tiwa náà ń pín gàrí ní Iléṣà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọn gàrí náà ló kọ́ mi ní katikísìmù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé abọ́ lọ síwájú rẹ̀? Awakọ̀ kan tó ń kó pákó lọ sí Òṣogbo mọ̀ mí láti ibi iṣẹ́, ó máa ń gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sọ̀ mí kalẹ̀ ní Òkè-Fíà, á sì gbé mi padà bí ó bá já pákó rẹ̀ tán. Kò béèrè ohun tí mò ń lọ ṣe.

Mo rò pé èmi nìkan ni mo gbọ́n. Nígbà tí mo débẹ̀, ìdajì àwọn tó wà lórí ìlà ni kì í ṣe ará Òṣogbo. Àwọn kan wá láti Ẹdẹ, àwọn kan wá láti Ìkìrun, ohùn Ìjẹ̀ṣà tí mo gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Olúkúlùkù ń wo ilẹ̀. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí ló ń dúró tì mí. Òun jẹ́ ọmọ Òṣogbo gan-an, ó ní ojú òun ti dàgbà kọjá ìtìjú. Mo bi í pé àwọn aláìní Òkè-Fíà ńkọ́. Ó ní, "Wọ́n wà ní Iléṣà lọ́dọ̀ yín láàárọ̀ yìí. Ẹ ó ti pàdé lójú ọ̀nà."

Òótọ́ ni. Díákónì tó ń darí iṣẹ́ náà kò sì mọ̀. Ó máa ń dúró níwájú wa pẹ̀lú fèrè lọ́rùn, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, òṣì ti kúrò ní Òkè-Fíà, nítorí kò sí ará àdúgbò tó ń wá gba oúnjẹ mọ́. A ó ṣe àmín. Bàbá rélùwéè á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

Káàdì tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ni wọ́n ń fi okùn kọ́ sí wa lọ́rùn. Bí o bá bọ́ ọ, wọn kò ní fún ọ lóúnjẹ, kódà bí wọ́n bá mọ̀ ọ́ dáadáa. Ìwàásù ló máa ń ṣáájú. Lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n á ya fọ́tò wa. Mo máa ń fi orí pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó bá wà níwájú mi, oníṣẹ́ fọ́tò náà á ní, "Bàbá ẹlẹ́sẹ̀, ẹ yọjú."

Èyí tó tún burú jù ni pé ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n kọ́ ilé náà sí, yàrá kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ sí, kò ní fèrèsé. Mo dé ẹnu àtẹ̀gùn náà ní Sátidé kìíní, mo wo ìsàlẹ̀, òórùn ilẹ̀ tútù kọlù mí nímú, mo fà sẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé tèmi gòkè wá. Díákónì ní ẹ̀mí ìgbéraga ni. Arábìnrin kan ní rárá, ẹ̀mí ìbẹ̀rù ni. Wọ́n jiyàn lórí irú ẹ̀mí tó jẹ́ lójú mi títí ìrẹsì fi tutù. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fi mí sórí àga gbọọrọ kan ní ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí àwọn arúgbó tí kò lè sọ̀kalẹ̀ ń jókòó sí. Ìta níbẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá ni yóò rí ọ. Mo sá kúrò lójú ayé ní Iléṣà, wọ́n wá gbé mi sí ojú títì ní Òṣogbo.

Bí mo bá ti délé, mo máa ń mu gàrí náà pẹ̀lú ìlẹ̀kùn ní títì. Ìgbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n fún mi ní kóòtù dúdú kan tó ti òkè òkun wá. Òtútù mú mi, mo wọ̀ ọ́ jáde. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí onígbàjámọ̀ mi fi sọ fún mi ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Ó fá ìdajì orí mi tán kó tó sọ ọ́, bóyá kí n má baà lè dìde lọ.

Ó ní, "Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ lò ń lọ tà á ní Òṣogbo."

Mo ní, "Kí ni mò ń tà?"

"Góòlù ni o. Wọ́n ní ìwọ tí kò níṣẹ́, gbogbo Sátidé lò ń jáde pẹ̀lú àpò òfìfo, tí ò ń padà pẹ̀lú àpò kíkún. Mílíìkì lò ń mu. Kóòtù lò ń wọ̀. Ìyá ìyàwó rẹ ti gbọ́."

Mo ń fi ìtìjú bo òṣì mi, ìbòrí náà ni wọ́n wá ń pè ní owó. Bí mo bá ti gbé abọ́ lọ síwájú tíṣà katikísìmù mi lọ́jọ́ kìíní, gbogbo ayé ì bá ti mọ̀ pé n kò gbé nǹkan kan jáde nínú kòtò yẹn àyàfi ẹsẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní kí n lọ sọ fún wọn. Mo ní mo gbọ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún gun lọ́rì pákó lọ sí Òkè-Fíà. Ojú ṣì ń tì mí.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àna mi, ìyá ìyàwó mi, ti lọ bá awakọ̀ náà. Awakọ̀ sọ ibi tó ń sọ̀ mí kalẹ̀ sí fún un. Màmá wọ bọ́ọ̀sì, ó tẹ̀ lé wa. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni tó ń ra góòlù náà lọ́wọ́ mi.

Mo jókòó sórí àga ìta, káàdì lọ́rùn, àpò lórí itan. Mo gbé ojú sókè, mo rí arábìnrin méjì tí wọ́n fa màmá kan lọ́wọ́ láti òdìkejì títì. Màmá náà ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan fún ìgbà díẹ̀, ó ń wò wá, àwọn arábìnrin sì rò pé ojú ló ń tì í láti wá gba oúnjẹ. Ó ń jà. Ohùn Ìjẹ̀ṣà ni mo fi mọ̀ ọ́n kí n tó rí ojú rẹ̀. Ó ń sọ pé òun kò wá gba nǹkan, pé òun ń ta aṣọ, pé òun ní ilé.

Arábìnrin kan ní, "Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń sọ, Màmá. Ẹ má tijú. Ọmọ Ọlọ́run ni gbogbo wa." Èkejì sì fi káàdì kọ́ ọ lọ́rùn.

Wọ́n gbé e jókòó sí iwájú mi gan-an. Ó gbójú sókè. Ó rí mi. Ó rí káàdì mi, ó rí àpò mi, ó rí ẹsẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú báńdéèjì rẹ̀.

Bí mo bá lè sáré, ǹ bá sáré. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í rí àna rẹ̀ kó ṣe bí ẹni tí kò rí i, ibi yòówù kó jẹ́. Mo kúrò lórí àga, mo na gbalaja sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo kọjú sí ilẹ̀.

Ẹnì kan sọ pé ebi ló dá mi dùbúlẹ̀. Ẹlòmíràn ní rárá, Ẹ̀mí ló bà lé mi. Mo gbọ́ fèrè díákónì tó ń sáré bọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn orí, ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ó ní kí gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹnì kan da omi sí mi lára, omi náà wọ inú egbò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, díákónì pàṣẹ fún mi pé kí n dìde. N kò dìde. Ó tún pàṣẹ. N kò mira. Èmi ń retí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí n dìde, kò sì sọ̀rọ̀. Díákónì ní ẹ̀mí agídí ni, irú èyí kì í jáde bí kò ṣe nípa ààwẹ̀. Mo gbọ́ tí bàbá rélùwéè ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún ẹ̀mí náà ní ìrẹsì wò.

Mo ti ń ronú pé màmá yóò tún ká aṣọ. Aṣọ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀."

Díákónì ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí Ẹ̀mí ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀mí kọ́. Èmi ló ń kí. Àna mi ni."

Àdúrà dáwọ́ dúró. Mo ṣì wà nílẹ̀. Màmá tẹ̀ síwájú, mo rí bàtà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. Ó ní, "Dìde."

N kò lè tètè dìde nítorí ẹsẹ̀. Òun àti bàbá rélùwéè ló fà mí sókè. Màmá mú àpò mi, ó tú u, ó wo inú rẹ̀. Àwo kan àti ṣíbí kan ló wà níbẹ̀.

Wọn kò jẹ́ kí a lọ. Díákónì ní kò sẹ́ni tí yóò kúrò láìgbọ́ ìwàásù. Arábìnrin fọ́ọ̀mù dé, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo dijú. Ó bi màmá náà bóyá ó ti gba Jésù. Màmá ní, "Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ìyá rẹ ni." Arábìnrin náà kọ nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò wa. Wọ́n bu ìrẹsì fún màmá, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n fún àwa méjèèjì ní gàrí àti mílíìkì, gbogbo rẹ̀ wọ inú àpò mi.

Inú lọ́rì pákó, òun ló jókòó sáàárín èmi àti awakọ̀. A ti rìn jìnnà kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Gàrí kò sí ní Iléṣà ni?"

"Ó wà, Màmá."

"Kí ló wá dé?"

Mo ní ojú ló ń tì mí.

Ó wá ní, "Ojú tì ọ́ láti gba gàrí. Kò tì ọ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní apààyàn, kí èmi náà sì máa gbà wọ́n gbọ́."

Awakọ̀ ń wo iwájú bí ẹni tó dití. Lẹ́yìn ìyẹn ni màmá bi mí bóyá ọmọ òun sọ nǹkan kan nínú kòtò. Mo ní ó pè mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Kí ló pè ọ́?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n." Ó fi etí gèlè nu ojú.

Ibi tí lọ́rì ti já wa sílẹ̀ ní Iléṣà jìnnà sí ilé rẹ̀. Mo fẹ́ gbé àpò náà, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e ka orí ara rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, àwọn ènìyàn wà níta. Mo rí i pé káàdì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ tóbi, ó ń fì síwá sẹ́yìn lórí bùbá rẹ̀. Màmá tó ń ta aṣọ fún ìdajì àdúgbò.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ káàdì yẹn."

Ó ní, "Fi sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n kà á."

Wọ́n kà á. Gbogbo ẹni tó kí i ló dá lóhùn, ó sì ń fi kún ìkíni náà láìdúró pé oúnjẹ tí wọ́n fún àna òun ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo lòun bá a gbé, pé gbogbo Sátidé ló ń lọ tò sórí ìlà gbà á, egbò lẹ́sẹ̀. Ó sọ ọ́ fún oníṣẹ́ ìránṣọ, ó sọ ọ́ fún àwọn tó ń ta epo, ó dúró ní iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mi, ó sọ ọ́ wọlé fún wọn. Mo ń tiro bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú kóòtù dúdú yẹn. N kò rò pé ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, n kò sì lè sọ pé kí ó dákẹ́.

Ìyàwó mi ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ó ti jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo káàdì. Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó gba àpò náà lórí ìyá rẹ̀, kò sì gbé e wọlé. Ọ̀nà ilé mi ló gbé e gbà, ó ń yára, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, kò sì sí èyí tó dúró dè mí nínú àwọn méjèèjì.